Ṣẹ̀fíátù Ọlọ́dà àti Ọ̀rọ̀ Eérú Olóyè

Láti Odò-Orí títí dé ibi tí àwọn ọlọ́kadà Ilé-Ogbó ń dúró sí, kò sí ẹni tó mọ ọ̀dà pò bíi Ṣẹ̀fíátù ìyàwó Àmúdà. Bí ẹ bá já èépá ọ̀dà tí kò ju èékánná lọ lára ògiri bàbá yín, tí ẹ gbé e tọ̀ ọ́ lọ, yóò fẹ́ atẹ́gùn sí i kí eruku lè kúrò lára rẹ̀, yóò gbé e súnmọ́ ojú, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í da èyí mọ́ ìyẹn nínú rọ́bà. Kí ẹ tó jẹ gúgúrú ọwọ́ yín tán, ó ti parí. Tí ẹ bá fi í kun ibi tí èépá náà ti já, ẹ ò ní mọ ibi tí tuntun ti pàdé ògbólógbòó. Kì í ṣe oògùn. Bàbá rẹ̀ ló kun ìdajì mọ́sálásí ìlú Ìwó nígbà ayé rẹ̀, òun ló sì ń ru garawa tẹ̀ lé e nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kiri omi tútù.

Ojú tí Ọlọ́run fún un yìí ni kò jẹ́ kó rí ìsinmi, nítorí pé ojú àwọn oníbàárà rẹ̀ kò mú tó bẹ́ẹ̀. Ẹnu wọn nìkan ló mú. Ẹnìkan á ra ọ̀dà lọ́jọ́ Ajé, á padà dé lọ́jọ́rú tòun ti ìyàwó àti àna, á ní ọ̀dà tí òun rà kọ́ ló wà lára ògiri òun. Ṣẹ̀fíátù á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ gbé sí ẹ̀gbẹ́ ògiri náà?" Wọ́n á ní kí ló kàn án nínú ìyẹn. Wọ́n á wò ó bí ẹni tó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n jẹ lálẹ́ àná.

Àmọ́ Olóyè Oyèdàmọ́lá ló wá da omi àlàáfíà rú.

Olóyè yìí ti ṣiṣẹ́ ọdún márùndínlógójì ní ẹ̀ka ìjọba ìbílẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni, títí kan òun fúnra rẹ̀, kò lè sọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó lọ jẹ oyè ní abúlé kan tí ilé rẹ̀ kò ju mọ́kànlá lọ, ó sì kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí ọ̀nà Ilé-Ogbó. Ilé náà ga débi pé ó ń wo ilé àwọn aládùúgbò bí ẹni ń wo ìtẹ́ eèrà. Àwọ̀ eérú ló fẹ́ kí wọ́n kùn ún, nítorí pé eérú ni ilé àna rẹ̀ ní Àbújá, fọ́tò rẹ̀ sì wà nínú fóònù rẹ̀.

"Kì í ṣe eérú àdògán o," ó sọ fún Ṣẹ̀fíátù. "Eérú àwọn olówó."

Ṣẹ̀fíátù po gbogbo ọ̀dà náà sínú dúróòmù kan ṣoṣo níṣojú rẹ̀. Olóyè jókòó sórí àga, ó ń pàṣẹ. Ó tiẹ̀ ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi kan ẹ̀yìn ọwọ́, ó ní ó dáa. Àwọn akunlé kun ilé tán, ó dùn ún wò. Lẹ́yìn náà ni Olóyè kó àwọn ohun àmúyangàn rẹ̀ wọlé: àga pupa bí ẹ̀jẹ̀ ẹran Iléyá, kápẹ́ẹ̀tì pupa láti ògiri dé ògiri, kọ́tìnì pupa tó wọ́ nílẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni eérú yí ojú padà. Ògiri yàrá ìgbàlejò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ewé jọ, bí ewé ilá tí oòrùn pa.

Bóyá kò bá tiẹ̀ rí i. Àmọ́ àna Àbújá wá kí i, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Olóyè, ṣé ọsibítù lẹ fẹ́ ṣí síbí ni?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí Ṣẹ̀fíátù tó gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù tán, Olóyè ti dé.

"Ṣẹ̀fíátù! Ìwọ lo sọ ilé mi di ọsibítù!"

Ṣẹ̀fíátù kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, bàbá. Kí ló dé?"

"Eérú ni mo ní kí o tà fún mi, ewé lo tà fún mi."

"Bàbá, inú dúróòmù kan náà ni mo ti pò ó. Orí àga yìí lẹ jókòó sí. Ẹ tiẹ̀ ti ìka bọ̀ ọ́."

"Nígbà tí mo ti ìka bọ̀ ọ́, eérú ni. Ìgbà tó délé ló di ewé. Kí lo fi sí i?"

"Mi ò fi nǹkan kan sí i, bàbá. Àga yín ni. Tí pupa bá yí eérú ká, eérú á máa fi ewé jọ. Ẹ kó àga jáde, kí ẹ tún un wò."

Olóyè wò ó títí. "Àga mi? Àga tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé láti Èkó? Kí n kó o síta sínú oòrùn nítorí ọ̀dà?"

Ẹ jẹ́ ká má parọ́ mọ́ bàbá náà. Ó gbà pé ọ̀dà lè tan ènìyàn jẹ, ó sì gbà pé obìnrin lè tan ènìyàn jẹ. Àmọ́ pé ojú òun, ojú Olóyè, lè tan òun jẹ, ìyẹn kò wọ inú fìlà rẹ̀. Bó ṣe kúrò níbẹ̀, ilé alága ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́dà ló gbà lọ.

Alága náà ni Àlàájì Abdulsobur. Ìṣó àti páànù ló ń tà ní tirẹ̀. Ọ̀dà mẹ́ta péré ló wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, funfun sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdí tí wọ́n fi fi í ṣe alága ni pé òun nìkan ló ní àga tó pọ̀ tó fún ìpàdé. Ó pe ìpàdé, ó fi ohùn kan tó ń lò fún ọ̀rọ̀ ńlá sọ̀rọ̀, ó ní kí Ṣẹ̀fíátù wí tẹnu rẹ̀.

Ṣẹ̀fíátù dìde. Ó ní àwọ̀ kì í dá gbé. Ó ní bí ẹ bá gbé àwọ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ òmíràn, wọ́n á jọ máa ti ara wọn ni: pupa á ti eérú sí ọ̀nà ewé, ewé á tì í sí ọ̀nà pupa, dúdú á mú kó mọ́ sí i, funfun á mú kó ṣú. Ó ní aládùúgbò eérú ló yí i padà, ọwọ́ òun mọ́.

"Aládùúgbò!" Ẹ̀rín sọ nínú yàrá. "Ọ̀dà náà ti ní aládùúgbò!" Ẹnìkan bèèrè bóyá wọ́n máa ń jà nítorí adìyẹ. Òmíràn ní kí wọ́n bi í bóyá ọ̀dà ti ní ìyàwó. Ọkùnrin kan tó ti ń kun ilé láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi ìgbálẹ̀ kùn ún mi orí, ó fẹ́ sọ pé òtítọ́ ni, òun náà ti rí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo ojú alága, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì bí ẹni gbé oògùn mì.

Alága dájọ́. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì. Kí Ṣẹ̀fíátù po ọ̀dà tuntun fún Olóyè, kó sì san owó àwọn tó máa tún un kùn, tàbí kí ẹgbẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa.

Nígbà tó délé, ọkọ rẹ̀ Àmúdà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé láti ọ̀nà Kuta, ó ń fọ ẹsẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ní, "Pò ó fún un, jẹ́ kí ayé ó sinmi."

"Tí mo bá po òmíràn, ṣé àga rẹ̀ ò ní sọ ìyẹn náà di ewé?"

Àmúdà ronú sí i. "Wá kun àga."

Ó rẹ́rìn-ín, ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń dun Ṣẹ̀fíátù kì í ṣe ọ̀dà. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ aládùúgbò náà, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó jókòó ní ìpàdé yẹn, kò sí ẹni tí bàbá náà kò kọ́ ní nǹkan kan rí. Ó wá rò ó pé ẹnu kò lè ṣe é. Ẹni tó bá gbàgbọ́ nínú ojú ara rẹ̀ nìkan, ojú náà la ó fi mú un.

Ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ ṣófo. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe níbẹ̀ ti kó lọ, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ Ṣẹ̀fíátù. Ó gbá ibẹ̀ mọ́. Ó ní kí káfíńtà gé pílááwùdù sí pátákó mẹ́fà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó ènìyàn, ó sì kun ọ̀kan ní pupa, ọ̀kan ní àwọ̀ ewé, ọ̀kan ní àwọ̀ aró, ọ̀kan bí ọsàn tó pọ́n, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun. Ó tò wọ́n ti ara wọn yí ògiri ká. Ó wá mú ìyókù ọ̀dà Olóyè tó kù nísàlẹ̀ dúróòmù, ó fi kun pátákó míì, ó sì gé e sí ègé ńláńlá. Ó lu ihò sí wọn lórí, ó fi wọ́n kọ́ sára wáyà tó fà yí yàrá ká bí èyí tí a ń sá aṣọ sí, ó sì so okùn mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èrò rẹ̀ ni pé ẹni tó bá wọlé ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa okùn, kí eérú máa rìn láti iwájú pupa lọ sí iwájú ewé, kí onítọ̀hún sì fi ojú ara rẹ̀ rí i bó ṣe ń pàwọ̀ dà.

Èrò náà dára. Ohun tó jáde kò dára. Ọ̀dà olóróòró tó ń dán ló fi kun àwọn pátákó, oòrùn ọ̀sán sì gba ojú fèrèsé wọlé, gbogbo rẹ̀ ń kọ mànà. Ó pe Nusirat, aránṣọ tó wà ní òdìkejì títì, kó wá fa okùn. Nusirat fà á lọ, ó fà á bọ̀.

"Kí lo rí?" Ṣẹ̀fíátù bi í.

"Ìyá Mujeebah, mo rí pátákó." Nusirat wo ojú rẹ̀, àánú ṣe é. "Pátákó náà lẹ́wà o."

Ṣẹ̀fíátù tún wọn kùn pẹ̀lú ọ̀dà tí kì í dán. Ó fi àpò sìmẹ́ńtì dí fèrèsé, ó ṣí ibi tóóró kan sílẹ̀ lókè kí ìmọ́lẹ̀ lè máa bọ́ sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Síbẹ̀, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó síbẹ̀ tó ń wò ó, tí oníbàárà ń pè é láti ìta, tí kò gbọ́. Lọ́jọ́ kẹrin ló tó yé e pé àwọn eérú náà ló fẹ̀ jù. Ẹni tó bá pọ̀ ju aládùúgbò rẹ̀ lọ, aládùúgbò kò lè tì í. Ó gé wọn sí ìdajì, ó tún gé ìdajì sí méjì, títí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi tó àtẹ́lẹwọ́.

Ó tún pe Nusirat. Nusirat fa okùn. Eérú kúrò níwájú pupa, ó dé iwájú ewé.

"Yéè!" Nusirat fò sẹ́yìn. Ó lọ wo ẹ̀yìn pátákó bóyá ẹnìkan fara pa mọ́ síbẹ̀ tó ń pààrọ̀ rẹ̀. Ó padà wá, ó tún fà á. Lẹ́ẹ̀kẹfà, Ṣẹ̀fíátù gba okùn lọ́wọ́ rẹ̀ kó má baà já.

Ìgbà náà ló wá ṣe ohun méjì míì kún un. Ó gé páálí kan, ó lu ihò méjì sí i: tí ẹ bá gbé e síwájú eérú méjì, páálí á bo àwọn aládùúgbò mọ́lẹ̀, eérú méjèèjì á sì jókòó sínú ihò bí ìbejì. Èkejì, ó gbé dígí kan kọ́ sí igun, ó gbé àpótí síwájú rẹ̀, ó sì so aṣọ dúdú àti aṣọ funfun sẹ́yìn àpótí náà tí ènìyàn lè máa fà gẹ́gẹ́ bó ṣe wù ú.

Nusirat ló kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé Nusirat ń bóra. Títọ́jú ara ló ń pè é. Ó fa aṣọ dúdú, ó wo dígí, ojú rẹ̀ pọ́n bí máńgòrò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fa aṣọ funfun, ó rí ara rẹ̀ tó ṣú bí ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ bí i. Ó fà á lọ, ó fà á bọ̀, ẹ̀rín náà sì ń kú lọ díẹ̀díẹ̀.

"Ìyá Mujeebah," ó ní, "ṣé aṣọ dúdú lásán ló yẹ kí n máa rà láti ọdún mẹ́rin yìí?"

"Ọ̀rọ̀ ọ̀dà nìkan ni mo mọ̀," Ṣẹ̀fíátù dá a lóhùn.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, alága dé pẹ̀lú ọmọ ẹgbẹ́ bíi mẹ́wàá. Olóyè dé pẹ̀lú agboòrùn. Wọ́n rò pé ọ̀dà tuntun ni àwọn wá gbà. Ṣẹ̀fíátù kúnlẹ̀ kí wọn, ó kó wọn wọ yàrá, ó fi eérú méjì han Olóyè, ọ̀kan níwájú pupa, ọ̀kan níwájú ewé.

"Bàbá, èwo ni tiyín nínú méjèèjì?"

Olóyè kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ọ̀pá nàka sí ti iwájú ewé. "Èyí ni eérú. Eérú àwọn olówó. Òun ni mo rà." Ó yí ọ̀pá sí èkejì. "Èyí ni ìranù tó wà lára ògiri mi."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Mo fi oyè mi búra."

Àwọn ará ìpàdé mi orí. Alága náà ní òun rí i kedere, ẹni tó bá ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kó lọ wá dókítà ojú. Ṣẹ̀fíátù wá na okùn sí Olóyè. "Ẹ bá mi fa ìranù náà kúrò níbẹ̀, bàbá. Ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ eérú àwọn olówó."

Olóyè fa okùn. Ìranù rìn lórí wáyà, ó kọjá iwájú aró, ó dé iwájú ewé, ó dúró ti eérú àwọn olówó. Wọ́n di ọ̀kan náà. Olóyè fà á padà síwájú pupa: ìranù. Ó fà á síwájú ewé: eérú. Okùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Oògùn ni," ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́.

"Ẹ tú wọn sílẹ̀, bàbá. Ẹ mú wọn lọ síta sínú oòrùn."

Wọ́n tú wọn. Alága mú ọ̀kan, Olóyè mú ọ̀kan, wọ́n gbé wọn síta bí ẹni gbé òkú. Wọ́n so wọ́n pọ̀, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, ẹnìkan fi èékánná ha á. Inú dúróòmù kan náà ni wọ́n ti wá, kò sì sí ohun tí oòrùn lè ṣe sí i. Akunlé àtijọ́ tó gbé ọ̀rọ̀ mì lọ́jọ́sí wá rí ohùn. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́.

Ẹ̀yin lè rò pé wọ́n bẹ obìnrin náà. Rárá. Olóyè fi aṣọ ìnujú nu iwájú orí, ó wo àwọn ènìyàn, ó ní, "Ohun tí mo ti ń sọ láti àárọ̀ nìyí. Mo ní aládùúgbò ló fà á." Kó tó di ọjọ́ Àlàmísì, ó ti ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ aládùúgbò fún gbogbo ẹni tó bá wá kí i, ó sì ti fi aṣọ àwọ̀ eérú bo àga pupa náà. Alága ní tirẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ohùn ọ̀rọ̀ ńlá wọ̀, ó ní ẹgbẹ́ ti jókòó, ẹgbẹ́ ti wò ó, ẹgbẹ́ sì ti dárí ji Ṣẹ̀fíátù.

"Ẹ dárí ẹ̀ṣẹ̀ wo jì mí, Àlàájì?"

"Èyí tí a ti gbójú fò," ni alága wí.

Ọ̀rọ̀ yàrá náà wá tàn ká ìlú. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń wá fa okùn, àwọn ìyàwó tuntun ń gbé aṣọ ìgbéyàwó wá síwájú dígí. Alùfáà kan jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, nígbà tó dìde, ó ní òun á fi ṣe wáàsí. Ṣẹ̀fíátù kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Inú rẹ̀ dùn dé ibi tí kò lè sọ. Ó máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó kàn lè gbọ́ igbe tí ènìyàn máa ń ké nígbà àkọ́kọ́ tí eérú bá yí padà mọ́ wọn lọ́wọ́.

Níbi igbe yìí ni Dókítà Ọlátúndé bá a. Yunifásítì kan ló ti ń kọ́ iṣẹ́ ọnà, èyí tí orúkọ rẹ̀ kò kàn wá. Gíláàsì ojú rẹ̀ ní etí pupa, ó wọ irú àdìrẹ tí àwọn aláró fúnra wọn kì í wọ̀, ó sì ń sọ Yorùbá bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ó fa okùn, ó di orí mú.

"Màmá! Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo ṣe é."

"Ínsítọléṣọ̀n ni, Màmá! Ínsítọléṣọ̀n gidi!"

"A ò tíì fa iná síbẹ̀ o, Dókítà."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ ọnà tí ènìyàn ń wọ inú rẹ̀ ni òun ń pè bẹ́ẹ̀, ó sì kọ ọ̀rọ̀ iná náà sínú ìwé. Ó wọn pátákó, ó wọn wáyà, ó ya ihò páálí ní fọ́tò mọ́kànlélógún. Ó bèèrè ohun gbogbo lọ́wọ́ rẹ̀ àfi bí wọ́n ṣe ń po ọ̀dà. Ṣẹ̀fíátù tiẹ̀ ní kó jẹ́ kí òun fi hàn án. Dókítà ní ìyẹn kò le, àwọn ọmọ kíláàsì òun á ṣe é. Ó ní àfihàn ńlá kan ń bọ̀ ní Òṣogbo, òun fẹ́ kí Màmá wá gẹ́gẹ́ bí àlejò pàtàkì.

Ṣẹ̀fíátù rán léèsì. Òun àti Nusirat gun ọkọ̀ láàárọ̀, wọ́n dé gbọ̀ngàn náà kó tó di ọ̀sán. Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́, zóbò wà nínú ife onígíláàsì, iná ńlá ń tàn sórí pátákó mẹ́fà tó ga tó ènìyàn. Orúkọ Dókítà Ọlátúndé wà lára ògiri, lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó orí ewúrẹ́. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ènìyàn ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó lè kà á, wọ́n kọ ọ́ pé obìnrin ìbílẹ̀ kan ní ẹkùn Ìwó wà lára àwọn tó fún un ní ìmísí.

Nusirat bẹ̀rẹ̀, ó kà á. "Ìyá Mujeebah, ṣé ẹ̀yin ni obìnrin ìbílẹ̀?"

Ṣẹ̀fíátù kò gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ ti wà lára àwọn eérú. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Inú agolo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá. Ẹni tó pò wọ́n ti da ewé díẹ̀ sí èyí tó wà níwájú pupa, kó lè fi ewé jọ dáadáa. Àwọn àlejò ń fa okùn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pariwo "Háà!", irọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Ó wọ́ lọ bá Dókítà, ó rọra sọ fún un létí.

"Màmá, ojú yín ni," Dókítà sọ, ó fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ojú máa ń tan ènìyàn jẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló kàn án légbò. Ṣẹ̀fíátù kò jà. Ó nawọ́ sókè, ó tú eérú méjì kúrò lórí wáyà níṣojú gbogbo ènìyàn, ó kó wọn lọ sí ẹnu ọ̀nà tí oòrùn wà. Obìnrin àgbà kan tó mú zóbò lọ́wọ́ tẹ̀ lé e. Obìnrin náà wò ó, ó gbé gíláàsì ojú wọ̀, ó tún wò ó.

"Wọn ò mà jọra," ó sọ ọ́ sókè. "Ọ̀kan ní ewé nínú."

Nusirat di ọwọ́ Ṣẹ̀fíátù mú, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń retí kí Dókítà wọ ilẹ̀. Dókítà Ọlátúndé kò wọ ilẹ̀. Ojú rẹ̀ kò tiẹ̀ ṣẹ́.

"Ẹ ṣeun, Màmá!" ó ké. "Ohun tí mo ń dúró dè nìyẹn, pé kí ẹnìkan ní ìgboyà láti tú u! Iṣẹ́ yìí ń bi wá léèrè pé: taló sọ pé ohun tí wọ́n pè ní ọ̀kan náà, ọ̀kan náà ni?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n pa á ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹnìkan ya Ṣẹ̀fíátù ní fọ́tò pẹ̀lú eérú méjì lọ́wọ́, ó ní kó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n wọ ọkọ̀ padà, wọ́n kúrò ní Òṣogbo. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Ṣẹ̀fíátù. Ó rín in débi tí awakọ̀ fi wo ẹ̀yìn, tí omi fi ń dà lójú rẹ̀. Nusirat tó jókòó tì í kò sì mọ ibi tí ẹ̀rín parí sí, tí ẹkún ti bẹ̀rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò kígbe mọ́ ọn?" Nusirat bi í.

"Kí n kígbe pé kí ni? Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún irọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún òótọ́. Ó tún kù kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún igbe mi."

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, onílé fi ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ náà fún àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Ó ní àwọn yẹn san ti ọdún méjì. Ṣẹ̀fíátù kó pátákó rẹ̀ wá sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó tò wọ́n síbi tí àyè gbà, ó sì ṣe òfin kan: kò ní po ọ̀dà fún ẹnikẹ́ni mọ́ tí kò bá kọ́kọ́ mú ègé kọ́tìnì tàbí aṣọ àga rẹ̀ wá, kó sì fa okùn. Àwọn kan bínú lọ. Àwọn tó dúró kì í padà wá jà.

Lọ́jọ́ kan, ìgbìmọ̀ mọ́sálásí àdúgbò kan wá bá a. Ọkùnrin mẹ́fà ni wọ́n, mẹ́ta jókòó sí ọ̀tún, mẹ́ta jókòó sí òsì, wọn kò sì wo ojú ara wọn. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí wọ́n ti ń jà lórí àwọ̀ ewé tí wọ́n máa fi kun mọ́sálásí. Àwọn ti ọ̀tún gbé àpẹẹrẹ tiwọn lé pátákó funfun, wọ́n ní tàwọn ló tútù lójú. Àwọn ti òsì gbé tiwọn lé pátákó dúdú, wọ́n ní ti àwọn yẹn ti ṣú jù, ó dà bí ewé tó ti jẹrà.

Ṣẹ̀fíátù gba àpẹẹrẹ méjèèjì, ó wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé páálí oníhò méjì fún àgbà inú wọn. Bàbá náà yọjú gba inú rẹ̀.

"Ọ̀kan náà ni wọ́n," ó wí.

Páálí lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, láti ọ̀tún dé òsì. Ìjà oṣù márùn-ún kò ní ìdí mọ́, ó sì hàn lójú wọn pé ó dùn wọ́n.

"Kí n máa pò ó?" Ṣẹ̀fíátù bèèrè.

"Máa pò ó," àgbà náà fọhùn. Ọ̀kan lára àwọn ti òsì wá tún ìjókòó ṣe, ó húkọ́ díẹ̀, ó ní kí wọ́n tó lọ, òun ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ nípa àwọ̀ géètì.